Kọ̀ǹpútà Abẹ́ Àtẹ̀gùn Ilé Wa

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ẹnu Ọ̀wá,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èrèlé, 2025.

Jeremiah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá ayé, wọn ò tíì bí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó mi ní gbogbo Èkó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi oníṣọ́ọ̀bù kan, òógùn bò ó bí ẹni tó jẹ odidi apẹ̀rẹ̀ ata rodo. Díẹ̀ ló kù kó gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́!

Àmọ́ kí n kọ́kọ́ kí ẹ ná. Ṣé àlàáfíà lo wà n'Íbàdàn? Ṣé ẹ̀wà ilé ìwé yín ò tíì pa ẹ́? Màmá ẹ sọ fún mi pé wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ yín, ìyẹn ni mo ṣe ń fọwọ́ kọ̀wé bí akọ̀wé ọba. Ara gbogbo wa le, àfi Uncle Tìjání tínú ń bí.

O mọ abẹ́ àtẹ̀gùn wa. Màmá Àlímọ̀t, àgbà ilé wa, ló fún Àǹtí Basheerah níbẹ̀ kó máa tẹ̀wé, wọ́n ní ohunkóhun ò gbọdọ̀ yọ sọ́nà. Uncle Tìjání náà ń wá ibẹ̀ fún àwọn àga tó ń yá àwọn èèyàn fún òde. Kọ̀ǹpútà Àǹtí àtijọ́ tóbi bíi fíríìjì. Ó ṣeé ṣí, ó ṣeé fi nǹkan kún, ṣùgbọ́n ó yọ sọ́nà, ó sì fa ìró Màmá ya. Màmá ní bí ìwé ètò wólímọ̀ Nusrat, ọmọ ilé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Kùránì, ò bá jáde dáadáa, àga ló máa wọbẹ̀.

Ni Àǹtí bá lọ ra tuntun, pẹlẹbẹ bíi páálí bisikíìtì. Iná tó ń jẹ ò tó nǹkan. Àfi ìgbà tá a kó fọ́tò Nusrat sínú ẹ̀, ó dákú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, màá fi mẹ́mórì kún un." Mo tú u. Yéè! Wọ́n ti fi òjé jó mẹ́mórì mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sáyè kankan.

Uncle Tìjání yọrí lókè àtẹ̀gùn: "Ẹnjiníà Ashraf! Kọ̀ǹpútà tí ò lè sanra, ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni? Àga mi ń bọ̀ o!" Omi lé sójú Àǹtí.

Èmi, Àǹtí àti Màmá bá gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá wa pààrọ̀ ẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù gbé òmíràn jáde, tín-ín-rín, ó ń dán gbinrin. Ni mo bá bi í pé, "Yàrá àlejò ẹ̀ dà?" Ṣé o mọ̀ pé nílé wa, a kì í kọ́lé ká má fi yàrá kan sílẹ̀ fún ìyàwó tàbí ọmọ tó ń bọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ilé. Mo ní, "Tó bá bímọ, níbo lọmọ máa sùn?" Ibẹ̀ ni òógùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá gbé èyí tó sanra díẹ̀ jáde, ó tó búrẹ́dì, àyè mẹ́mórì kan ṣófo nísàlẹ̀ ẹ̀. Fáànù ẹ̀ ń kùn bí ẹ̀fọn, àmọ́ a kì í rí adìyẹ tó sanra tí kì í ké. A fi mẹ́mórì kún un, a sì fi ìdè kọ́ ọ mọ́ ẹ̀yìn skíríìnì. Kò yọ sọ́nà rárá! Iṣẹ́ Nusrat jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, wólímọ̀ lánàá dùn. Láàárọ̀ yìí, ta ló wá tẹ ìwé ìpolówó àga? Uncle Tìjání! Kò wo ojú mi.

Bá mi kí gbogbo ará yàrá yín, kí o sì fi ẹ̀wà díẹ̀ sílẹ̀ dè mí.

Èmi ni tìrẹ, nínú ìjà àti nínú oúnjẹ,
Ashraf.

Màmá ní kí n ka lẹ́tà yìí sí wọn létí kí n tó fi ránṣẹ́. Mo ti kà á. Èmi kọ́ ni mo bi oníṣọ́ọ̀bù ní ìbéèrè yàrá àlejò yẹn, àwọn ni. Báàgì wọn ni mo gbé dání. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi. Àmọ́ òógùn yẹn, wállàhí, òótọ́ ni.