Kárọ́ọ̀tì Tó Jí Ọwọ́ Màmá Dìde

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àárò wa. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù òkè òkun lọ́hùn-ún ò jẹ́ kí wọ́n rímú mí. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ara ọkọ mi ti yá, ó ti padà sídìí iṣẹ́ télọ̀ rẹ̀, ó sì ti tún ń bá àwọn oníbàárà jà.

Ẹ gbọ́ ná! Lánàá, mo fẹ́ yan kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà tá a máa fi jẹ ẹran. Mo gé wọn, mo fi òróró àti iyọ̀ pa wọ́n lára, mo wá kó gbogbo ẹ̀ jọ gègèrè sínú páànù kan ṣoṣo. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún tó rọ látìgbà àìsàn rọpárọsẹ̀ yẹn lé itan.

"Ọ̀lẹ ọmọ! Ṣé o fẹ́ sè é ni àbí o fẹ́ yan án? Tí wọ́n bá gun orí ara wọn báyìí, omi ara wọn ló máa sè wọ́n!"

Wọ́n dìde, wọ́n tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú kárọ́ọ̀tì náà ká. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ọ̀tún ni o!

"Màmá, ọwọ́ yín!"

"Ọwọ́ kí ni? Lọ wo iná!"

Kárọ́ọ̀tì náà dùn bí oyin, àmọ́ ẹkún ni mo fi jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má dárúkọ ọwọ́ rárá, kí ojú má bàa tì wọ́n. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò mọ kárọ́ọ̀tì yan. Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa. Tí Màmá bá ti ń bú yín, ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa.

Àbúrò yín