Iná Iwájú Ọkọ̀ Òṣùpá

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi ni mo wó ọkọ̀ òṣùpá tí o fi páálí kọ́ ní kékeré, kì í ṣe òjò tí mo parọ́ mọ́. Mo rò pé pàǹtí kò ní jẹ́ kí o kàwé. Mo tún gbé iná kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ pamọ́, mo sì ń wò ọ́ bí o ti ń wá a kiri.

Ní báyìí, èmi àti ọmọ rẹ tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ti kọ́ òmíràn sí ẹ̀yìnkùlé. Páálí fíríìjì ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò sì ni bọ́tìnì rẹ̀.

Onílé ní, "Bàbá, ẹ kó pàǹtí yìí dànù!"

Mo wọ inú rẹ̀, mo jókòó. Mo ní, "Ó yá, ẹ kó òun àtèmi dànù."

Ọmọ rẹ yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ náà: "Ẹ sún sẹ́yìn o, a fẹ́ gbéra!"

Onílé ní òun ń padà bọ̀ lọ́la. Kó máa bọ̀. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i.

Ikọ́ mi kò le. Dókítà kàn fẹ́ràn mi ni, ló ṣe ní kí n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ rẹ rí iná náà nínú àpótí mi, ó ní ká fi í síwájú ọkọ̀. Mo ní, "Rárá o, ti ìyá rẹ ni." A fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé. Mo di iná rẹ mọ́ lẹ́tà yìí. Mú un dání bí o bá ń bọ̀ wá mú ọmọ. Mo ti fi bátìrì tuntun sí i. Ó ṣì ń tàn.

Bàbá rẹ.