Ilà Mọ́kànlá Lójú Adéjọbí

Òkè-Ìhò,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, 1984.

Adéjọbí ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ooru Màídúgùrì kò mú ọ jù? Àwa wà, àfi orúnkún mi. Olúwa kò ní jẹ́ kí ìwé yunifásítì tí ò ń kà sú ọ. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú.

Fọ́tò rẹ dé. Mo rí i pé o ti kọlà. Mo kà á, mọ́kànlá ni, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo gbọ́ pé àwọn Kànúrí tó ni ìlú ń kọlà, n kò bá ọ jà, ọwọ́ olóòlà wọn gún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ilà náà bọ́ sórí ẹ̀wù rẹ, ó tún gba ara ògiri lọ. Mo ní bóyá wọn kì í kọ ènìyàn kí wọ́n yọ ilé sílẹ̀.

Ìyá rẹ ni kò gbà. Nígbà tí a bí ọ, tí bàbá mi mú olóòlà wá, òun ló kúnlẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kí wọ́n tó fi ojú rẹ sílẹ̀. Ó fi ìtọ́ nu fọ́tò náà, ó fi aṣọ nu ún, ilà kò kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹun gidi.

Lọ́jọ́ kẹrin ni Bísíríyù tó ń ta ẹja ní Baga Road lọ́dọ̀ yín ní Màídúgùrì wálé. Ó ní iṣẹ́ Jàáfárù onífọ́tò àdúgbò Bulabulin ni, pé ó fi abẹ la páálí ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e síwájú iná ńlá, òjìji rẹ̀ sì bọ́ sí ọ lójú. Ó ní àṣà tuntun ni, pé òjìji ewé ni wọ́n dà sí òun lára ní tòun. Mo bi í bóyá òjìji ọ̀hún bá a délé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo ní ta ló ń sanwó iná tán tó tún ń fi páálí dí i? Ó ní haba, Bàbá.

Ó yé mi. Kò yé ìyá rẹ. Ó ní òjìji kì í dúró sójú ẹni tó ti kúrò nídìí iná, Bísíríyù ń bò ọ́ láṣìírí ni. Ìyá rẹ ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní àfi kí òun fi àtẹ́lẹwọ́ òun kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ.

Nítorí náà, fi owó mọ́tò ránṣẹ́, kó jẹ́ ti ẹni méjì. Kì í ṣe pé ojú rẹ ń wù mí í rí o, ọ̀nà ló jìn tí obìnrin kò lè dá a rìn.

Ojú rẹ kò ní rí ibi. Ibi tí o bá dúró sí, ire ni yóò bá ọ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúgbóyèga.