Orúkọ Bàbá Rẹ Nínú Ìwé Àlejò

Iseri Olowora,
Oṣù Kọkànlá, 2006.

Akínkúnmi ọmọ mi,

Ládé àbúrò rẹ ti bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti, wọ́n sọ ọ́ ní Jeffrey, mo sì fi Ọmọ́táyọ̀ kún un kí ará ilé lè rí nǹkan pè. Ọmọ́bọ́lá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí Pásítọ̀ fi ní láti dúró lórí ìka ẹsẹ̀ kó tó lè gbọ́wọ́ lé e lórí. Ewúrẹ́ mi náà bí méjì. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ wà, àti Judith ọmọ-ọmọ mi? Olúwa tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín kò ní sùn lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún kejì mi rèé ní kíláàsì àgbà, ìgbà tí èèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yà mí lẹ́nu pé abúlé wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. O ní nígbà tí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀, màlúù ló ń jẹko lẹ́yìn fèrèsé yín, pé ní báyìí ilé ti kún pápá náà, ìgboro sì ti wá bá yín nílé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wo ló tà á? Ṣé wọ́n fún baálẹ̀ ní tirẹ̀? Ẹ tètè kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Èmi ti kọ tèmi gàdàgbà, láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń kanlẹ̀kùn pé èló ni mo fẹ́ tà á.

Ohun tó ṣe yín ti ṣe àwa náà. Oko kókò tí bàbá yín ń san ìsákọ́lẹ̀ lé lórí, níbi tí wọ́n ní kí a sin àwọn sí, àwọn onílẹ̀ ti tà á, ó ti di ẹ́sítéètì. Ibi tí a ti ń ṣa ìgbín ti di títì ọlọ́dà, géètì onírin sì dí ọ̀nà. Nígbà tí mo lọ ro ojú oórì lọ́jọ́ Àìkú, Salaudeen tó ń ṣọ́ géètì gbé ìwé àlejò fún mi. Inú mi dùn pé kò ní kí n tẹ̀ka. Ó ń túmọ̀ ìbéèrè ibẹ̀, mo ń kọ ìdáhùn. Ẹni tí mo fẹ́ rí: Oyèwùmí. Ohun tó jẹ́ sí mi: ọkọ. Nọ́ńbà ilé: ìdí igi òroǹbó. Salaudeen ní kí n pe Daddy lórí fóònù kí wọ́n wá mú mi wọlé. Mo ní ọdún kọkànlá rèé tí n kò ti gbọ́ ohùn wọn, pé bí nọ́ńbà ọ̀run bá wà, kó jọ̀ọ́ fún mi. Ó ṣí fìlà, ó ṣí géètì.

Clara ni mo bá lójú oórì, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Mo kọ́kọ́ bi í pé ta ló fi ṣọ́ owó wa tó fi jáde. Òun ló ra ilẹ̀ ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní Grandma, òun fẹ́ kọ́lé, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ìpìlẹ̀ lé ẹni ẹlẹ́ni lórí, òun á dúró di Ọdún Àjíǹde kí a gbé wọn wá sí ọgbà mi. Ládé ní kí a sanwó fún lébìrà kó wá gbẹ́ oórì, mo ní rárá. Ìwọ àkọ́bí lo bu iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ lé wọn lórí, ọwọ́ rẹ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó o kúrò. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Akínkúnmi, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní báyìí tí abúlé yín ti di ìgboro, ọkọ̀ á ti máa yà síbẹ̀, wíwálé á rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá rẹ kò bá fún ọ láyè, fi lẹ́tà yìí hàn án, kó rí i pé ọmọ ẹni tó mọ̀wé ni ọ́. Mú owó sìmẹ́ńtì oórì tuntun dání, àti awò ojú fún mi. Mú Judith wá, kó wá mọ ilé ẹni tó jogún imú rẹ̀. Ọ̀nà kò ní nà ọ́, ilẹ̀ àjèjì kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ èmi ìyá rẹ.

Owó ọkọ̀ òfurufú wà lọ́rùn rẹ. Ṣùgbọ́n láti ibi tí ọkọ̀ òfurufú bá já ọ sí n'Íkẹjà títí dé ẹnu ọ̀nà mi, èmi ni màá san án, ó wà nínú àpò ìwé yìí: ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀ta náírà.