Ọjọ́ Tí Mo Lọ Gba Òǹtẹ̀ Pé Mo Wà Láàyè

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ láéláé. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì.

Iṣẹ́ tó o ṣàlàyé fún mi lórí fóònù, pé o máa ń ṣírò bí èèyàn ṣe ń tò níwájú fèrèsé, mo ti sọ ọ́ fún télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó ní iṣẹ́ gidi á dé.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé wọ́n ní mo ti kú. Àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wa ló kọ ọ́ sí mi, wọ́n ní tí mi ò bá wá gba òǹtẹ̀ pé mo wà láàyè kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, owó tán nìyẹn. Ó yà mí lẹ́nu pé òkú ni wọ́n kọ lẹ́tà sí, ṣùgbọ́n mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, kí wọ́n má baà ṣiyèméjì.

Fèrèsé méjì ló wà ní ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mọ̀nàmọ́ná wà ní ọ̀kan, gbà-gbà-gbà ló ń lu òǹtẹ̀. Bàbá Fàràbalẹ̀ wà ní èkejì. Kí ó tó ṣí bírò rẹ̀, Mọ̀nàmọ́ná á ti dá èèyàn márùn-ún lóhùn. Mo rántí ohun tó o sọ, pé tí ìlà ò bá gùn, kéèyàn dúró de ẹni tó yá, bí ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ́ra tilẹ̀ ṣófo. Ìgbà tí ìlà bá gùn jù ni kí ẹnì kan yà sọ́dọ̀ ẹni tó lọ́ra. Mo sọ ọ́ fún àwọn tá a jọ wà lórí ìlà, mo ní ọmọ mi ló ṣírò rẹ̀, gbogbo wọn sì gbà. Bàbá Fàràbalẹ̀ jókòó bí ìyàwó tí wọn ò wá gbé. Nígbà tó pẹ́, òun náà jáde wá tò sẹ́yìn wa.

Nígbà tí ìlà kan ìta, wọ́n ní èmi tí mo mú òfin wá ni kí n yà. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo bá fa bàbá náà padà sídìí fèrèsé rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo wà láàyè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Ó ka ìwé mi láti òkè délẹ̀, ó yẹ ìdí òǹtẹ̀ wò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó wá lù ú. Àwọn tó kù ti fi mí rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Àṣé òǹtẹ̀ òkú ni Mọ̀nàmọ́ná ń lù láti àárọ̀! Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló kú lọ́jọ́ náà, títí kan ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀dọ̀ Bàbá Fàràbalẹ̀ ni wọ́n ti ń jíǹde báyìí, ẹni méjì lóòjọ́. Wọ́n ń béèrè àdírẹ́sì rẹ lọ́wọ́ mi. Mi ò fún wọn.

Bàbá náà bi mí bóyá mo lọ́kọ. Mo ní opó ni mí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá mi sọ. Ọjọ́ Ìsinmi méjì ló ti wá jókòó síwájú ilé wa títí dìrọ̀lẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti sọ ọ́ débi pé òun fẹ́ ká..., ilẹ̀ bá ṣú. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra àga tó ní tìmùtìmù, nítorí tẹni yẹn bá jókòó, kì í tètè dìde. Mo ti mọ èsì tí màá fún un, kó ṣáà béèrè rẹ̀ lójú ayé mi.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tó ń gbọ́ràn bí o ṣe ń gbọ́ tèmi. Ire á wọlé tọ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.