Ẹ̀wà Inú Àgọ́ Kejì

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án 2025
Àgọ́ ọ̀rá méjì, ẹ̀wà kan náà, ilẹ̀ Àkúrẹ́ kan náà. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú èyí tí mo sọ ní Mẹ̀kúnnù. Nínú Ọlọ́rọ̀, à ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sí i — irú èyí tí èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ń kó sójú sánmà — kó lè rí bí afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ọmọ wa yóò máa mí. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé. Ọlọ́rọ̀ ti ga ju Mẹ̀kúnnù lọ.

Ọjọ́bọ̀, 18
Ọlọ́rọ̀ ti so. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébùsóyè, ọ̀gá mi, kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín lónìí.

Àbámẹ́ta, 27
Mo lọ sílé, l'Óǹdó. Oyún Wúràọlá àbúrò mi ti pé oṣù mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kó máa jẹ ẹ̀wà dáadáa. Màmá ń sè é lójoojúmọ́. Mo fi fọ́tò Ọlọ́rọ̀ hàn wọ́n. Màmá ní kí n bá àwọn mú irúgbìn rẹ̀ wá. Mo ní irúgbìn kọ́, afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní, "Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ́ ẹ̀wà, kí ló burú níbẹ̀?" Inú mi dùn, ká má purọ́.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá
A kórè. Ti Ọlọ́rọ̀ pọ̀ ju ti Mẹ̀kúnnù lọ dáadáa.

Ọjọ́rú, 15
Èsì àyẹ̀wò dé. Èròjà irin tó ń di ẹ̀jẹ̀ lára dín nínú ẹ̀wà Ọlọ́rọ̀. Síńkì, èròjà mìíràn tí ara nílò, náà dín. Mo tún un yẹ̀ wò. Bákan náà. Ewé mu afẹ́fẹ́ yó, ẹ̀wà pọ̀ — ṣùgbọ́n ohun tí gbòǹgbò fà nínú ilẹ̀ kò kárí.
Ọ̀gá ní ìròyìn ìkórè nìkan ni ká sọ fún àwọn àgbẹ̀ Ipogun ní ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ká fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú àbúrò mi ni yóò máa jẹ ẹ́."

Ẹtì, 17
Ọ̀gá pè. Èmi ni kí n sọ̀rọ̀ lọ́la. Wọn ò sọ ohun tí màá sọ.

Àbámẹ́ta, 18
Ipogun. Èmi àti Ọ̀gá lọ. Èèyàn tó ogójì. Mo gbé abọ́ ẹ̀wà méjì kalẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ti Ọlọ́rọ̀. Mo wá sọ ìyókù. Ìyá àgbà kan, Ìyá Kìtán, béèrè bóyá ká má jẹ ẹ̀wà mọ́. Mo ní rárá, mà. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un. Àwa la máa wá irúgbìn tí irin rẹ̀ kò ní dín. Ìyá Kìtán ní, "Inú àgọ́ ọ̀rá kọ́ là ń dáko. Mo ní ilẹ̀ lẹ́bàá odò. Ẹ wá wá a níbẹ̀."
A ti dé Ìlárá lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Ọ̀gá ní ká lọ wo ilẹ̀ Ìyá Kìtán kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ padà.