Ẹ̀jẹ̀ Basirath àti ti Fataou Bára Mu

Kókó, ní Bantè

Gafarou ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kútọ̀nú? Omi ìlú yẹn kò ní gbé ọ lọ. Baba rẹ ń kí ọ, iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ mi sì bí ìbejì.

Àwọn dókítà kan ti Savalou wá síbí, wọ́n ní àwọn ń wádìí ohun tí ọmọ ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ òbí. Wọ́n pe àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ni Basirath àbúrò rẹ àti Fataou àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá lọ, àwa òbí sì tẹ̀lé wọn kí wọ́n má baà fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa tán. Nígbà tí èsì dé, AS ni ti Basirath, AS ni ti Fataou! Mo hó ìhó ayọ̀, mo ní irú ìbáramu wo lèyí. Dókítà kàn ń mi orí ṣáá, ó yà á lẹ́nu ni.

Léa, nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ Faransé fún wa, ní ọmọ tó bá gba S lọ́dọ̀ ìyá, tó tún gba S lọ́dọ̀ baba, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé. Baba rẹ ní àgbẹ̀ ni wá, dòjé kì í pọ̀ jù nílé àgbẹ̀. Dókítà ní nílùú òyìnbó, wọ́n ti ní ohun kan bí àlùmọ́gàjí tó ń gé ibi tó bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n á sì tún un ṣe. Basirath bi í pé ìgbà wo ló máa dé Bantè. Dókítà wolẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi wá àlùmọ́gàjí yẹn lọ́jà Kútọ̀nú, kí o mú èyí tó mú dáadáa, tí kì í tètè dípẹtà.

Fataou fi alùpùpù gbé àbúrò rẹ wálé, àwọn méjèèjì ń sunkún, bẹ́ẹ̀ wọn kò bára wọn jà o. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Basirath dá aṣọ ìdána padà. Mo ní níbo ló ti fẹ́ rí ẹni tí yóò bá a mu tó báyìí. Kàkà kó dáhùn, ó ń bi mí irú àìsàn tó pa Sanoussi ẹ̀gbọ́n yín. Mo ní egungun ló máa ń dùn ún, ojú rẹ̀ a sì máa pọ́n rúsúrúsú, títí ó fi lọ. Ló bá dì mọ́ mi, ó ní ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó yẹ ká kí ní pẹ̀lẹ́ ló ń kí mi.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi pe àwọn àgbà wá bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ lálọ àti lábọ̀. Á fún ìwọ náà ní aya rere, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bá tìrẹ mu gẹ́lẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ.